Pípààrọ̀ Kílọ́ọ̀ṣì Ọkọ̀ Asáré: Àpẹẹrẹ Porsche 911

1. Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ lítíréṣọ̀ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí kílọ́ọ̀ṣì ọkọ̀. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Yorùbá ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn mẹkáníìkì wa fi ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ iṣẹ́ sábà máa ń rí kọ́ ni bí a ti ń ṣe nǹkan; ìdí tí a fi ń ṣe é bẹ́ẹ̀ kì í sábà dé etígbọ̀ọ́ rẹ̀. Nínú iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, àìmọ ìdí lè gba owó, ó sì lè gba ẹ̀mí. Èrò mi ni pé èdè wa tó gbangba sùn lọ́yẹ́ láti ṣàlàyé ìdí náà.

Kókó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú dání. Pípààrọ̀ kílọ́ọ̀ṣì kì í ṣe kí a yọ ògbólógbòó kí a sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lásán. A gbọ́dọ̀ wádìí ohun tí ó pa ògbólógbòó. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ikú tí ó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó ń pa fún ni.

2. Kí ni Kílọ́ọ̀ṣì?

Níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́dọ̀ máa yí. Táyà ọkọ̀ ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró nígbà tí awakọ̀ bá fẹ́. Kílọ́ọ̀ṣì ni alárinà àwọn méjèèjì. Ohun mẹ́ta ni ó para pọ̀ di alárinà yìí:

(i) fíláìwíìlì, èyí tí í ṣe àwo irin wúwo tí a dè mọ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì jọ ń yí;
(ii) àwo kílọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀, tí ó fẹ́lẹ́, tí a lẹ ohun tí ó ń di nǹkan mú mọ́ lójú méjèèjì, tí ó sì wọ ọ̀pá jíà lọ́rùn;
(iii) pressure plate, tí ó ń fi agbára sípíríǹgì tẹ àwo náà mọ́ fíláìwíìlì.

Bí awakọ̀ bá tẹ kílọ́ọ̀ṣì, release bearing á mú kí sípíríǹgì dẹ̀, àwo á sì dá wà. Bí ó bá tú u sílẹ̀, àwo àti fíláìwíìlì á tún pàdé. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé, ìyára wọn kì í dọ́gba. Wọ́n á kọ́kọ́ máa ra ara wọn. Rírà náà á di ooru, ooru náà ni ó sì ń jẹ àwo. Nítorí náà, kí kílọ́ọ̀ṣì jẹ kì í ṣe àṣìṣe àwọn tí ó ṣe é. A dá a kí ó lè máa jẹ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì àti jíà má baà fọ́.

Ní ti ọkọ̀ asáré, ìyà àwo yìí pọ̀ ju ti ọkọ̀ lásán lọ. Porsche 911 Carrera, tí a ṣe ní Stuttgart ní ilẹ̀ Jámánì láàárín ọdún 1984 sí 1989, ní ẹ́ńjìnnì lítà 3.2 àti agbára ẹṣin 231. Títí di ọdún 1986, àwo kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kò fẹ̀ ju mìlímítà 225 lọ. Nínú àwọn ti ọdún 1987 síwájú, wọ́n sọ ọ́ di 240, wọ́n sì fi ọ́ìlì rọ́pò wáyà tí awakọ̀ fi ń darí kílọ́ọ̀ṣì.

3. Bí A Ti Ń Mọ̀ pé Ó Ti Jẹ Tán

Kí awakọ̀ fi ọkọ̀ sí jíà kẹrin lórí ọ̀nà tí ó dá, kí ó rọra máa lọ, kí ó wá fún ẹ́ńjìnnì ní epo. Bí igbe ẹ́ńjìnnì bá ga sí i tí ìyára ọkọ̀ kò sì pọ̀ sí i, àwo ti ń yọ̀. Ẹni tí ó bá fojú fo àmì yìí lè jáde sí ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀ láti kọjá tírélà. Ẹ́ńjìnnì á ké, ọkọ̀ kò ní sún. Ewu ibẹ̀ kò lóǹkà.

4. Iṣẹ́ Náà

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, jíà ni a ń sọ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ tó tó kílọ́ọ̀ṣì. Ti 911 yàtọ̀. Ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, iwájú ẹ́ńjìnnì ni jíà wà, kílọ́ọ̀ṣì sì há sí àárín wọn. Ẹ́ńjìnnì yìí, tí ó lé ní kílò 200, ni a gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀, a sì sábà máa ń sọ òun àti jíà kalẹ̀ pọ̀. Bátìrì ni a kọ́kọ́ ń tú, kí iná má baà ṣẹ́ níbi tí epo wà. Lẹ́yìn èyí ni gbígbé ọkọ̀ sókè. Ìkìlọ̀ mi níbí le: jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀, kò wà fún dídá ọkọ̀ dúró. Kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó wọ abẹ́ ọkọ̀ tí kò bá sí irin ìdúró tí ó lágbára lábẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ kejì ni ti eruku. A fi asbestos ṣe ojú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kílọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ, tí ó lè má fara hàn títí di ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Jámánì fòfin de asbestos ní ọdún 1993, ṣùgbọ́n àwọn ọkọ̀ tí ó dàgbà ju òfin náà lọ ṣì wà. Kí ọmọ iṣẹ́ má ṣe fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ fẹ́ eruku náà. Aṣọ tútù ni kí ó fi nù ún.

5. Kíka Òkú Kílọ́ọ̀ṣì

Bí a bá ti yọ àwo, ó tó àkókò láti kà á bí ìwé:

(i) Bí ó bá jẹ dọ́gbadọ́gba, tí ó gbẹ, ọjọ́ ogbó ni ó pa á.
(ii) Bí ọ́ìlì bá rin ín, síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì tàbí ti jíà ń jò. Ẹni tí kò bá pààrọ̀ síìlì náà ń sin òkú tuntun mìíràn sílẹ̀.
(iii) Bí fíláìwíìlì bá ní àmì aró, tàbí tí ó sán, ooru ti pọ̀ jù. Kí a wo ẹsẹ̀ awakọ̀ tí kì í kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì, tàbí tí ó ń fi kílọ́ọ̀ṣì dá ọkọ̀ dúró lórí òkè.
(iv) Bí a bá rí èérún rọ́bà, ó lè jẹ́ 911 SC ti ọdún 1978 sí 1983, tí àárín àwo rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà náà bá gbó, ó máa ń fọ́. Àwo tí ó ní sípíríǹgì láàárín ni a fi ń rọ́pò rẹ̀.

6. Dídá A Padà

Ọ̀pọ̀ onímọ́tò ní í fẹ́ ra àwo nìkan kí owó lè ṣẹ́ kù. Ìṣirò yìí kò pé. Iṣẹ́ tí ó gba àkókò jù ni sísọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Bí release bearing tí ó ti gbó bá kú lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, iṣẹ́ kan náà ni a ó tún san owó rẹ̀. Àwo, pressure plate àti release bearing ni kí a pààrọ̀ pọ̀, kí a sì gbé fíláìwíìlì fún ẹni tí yóò há ojú rẹ̀ tàbí kí a ra òmíràn.

Kí ọwọ́ olọ́ìlì má kan ojú àwo tuntun. Kí a fi ọ̀pá tí ó bá ihò rẹ̀ mu gbé e sí àárín gan-an, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ̀pá jíà kò ní wọlé. Bóòtì pressure plate ni a ń fún díẹ̀díẹ̀, kí a fún ọ̀kan, kí a sì bọ́ sí èyí tí ó dojú kọ ọ́, kí irin má baà wọ́. Gíríìsì kín-ń-kín ni eyín ọ̀pá jíà ń fẹ́. Èyí tí ó bá pọ̀ jù yóò fò sára àwo. Lẹ́yìn èyí, kí awakọ̀ rọra wà á fún ọgọ́rùn-ún kìlómítà mélòó kan, kí ojú tuntun lè bá fíláìwíìlì mọra.

7. Àgbálọgbábọ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé kílọ́ọ̀ṣì jẹ́ alárinà tí a dá láti jẹ, pé ọkọ̀ asáré ń tètè jẹ ẹ́, àti pé òkú rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ọmọ iṣẹ́ tí ó bá mọ ìdí tí a kì í fi í fẹ́ eruku kò ní fẹ́ ẹ nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ kò bá sí nítòsí. Èyí ni èrè tí ó wà nínú kí a sọ ìdí nǹkan fún un ní èdè tí ó gbọ́ dénú.