Àǹtí Tó Ń Kọ́ Ọmọ Apẹja ní Màkókó

Oòrùn kò tíì mú nígbà tí mo wọ ọkọ̀ igi létí omi ní Màkókó, nílùú Èkó. Obìnrin tó ń wà á fi ọ̀pá gún ìsàlẹ̀ omi, ọkọ̀ sì sún. Omi dúdú bí èédú. Ilé onípákó tó dúró lórí òpó wà lọ́tùn-ún lósì, èéfín ẹja yíyan gba gbogbo ojú ọ̀nà. Lọ́ọ̀ọ́kán, mọ́tò ń sáré kọjá lórí bíríìjì Third Mainland. Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbí, apẹja tí púpọ̀ wọn ṣẹ̀ wá láti ìhà Àgbádárìgì àti ilẹ̀ Benin.

A kọjá ibi tí ilé ẹ̀kọ́ tó léfòó nì wà tẹ́lẹ̀. Kúnlé Adéyẹmí ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kọ́ ọ tán ní 2013, alájà mẹ́ta lórí àgbá oníke. Gbogbo ayé ló mọ fọ́tò rẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2016, òjò ńlá rọ̀, ó sì wó. Ọpẹ́ ni pé kò sọ́mọ kankan nínú rẹ̀. Ilé lọ, àwọn ọmọ ṣì wà níbẹ̀.

Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tí mo wá wò kéré, pákó ilẹ̀ rẹ̀ ń dún bí a ti ń tẹ̀ ẹ́. Àtọmọ àtìyá ọmọ, Àǹtí ni wọ́n ń pe olùkọ́ wọn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí."

"Ẹ ṣé sà, ẹ káàbọ̀."

Ṣọ́ọ̀kì ọwọ́ rẹ̀ kò gùn ju èékánná lọ. Ó ka òǹkà lédè Ẹ̀gùn, ó kà á ní Yorùbá, kó tó wá kà á lédè Gẹ̀ẹ́sì. Yorùbá ni òun fúnra rẹ̀. Lẹ́nu àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ti kọ́ Ẹ̀gùn.

Ọmọkùnrin kan ti sùn lọ lórí tábìlì. Mo rò pé Àǹtí yóò nà án ni. Ó tú ìborùn rẹ̀, ó ká a, ó rọra fi tì í lórí. "Òun àti bàbá ẹ̀ ló jọ lọ da àwọ̀n lóru, sà. Ẹ jẹ́ ó sùn díẹ̀." Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ ṣeré, ó jí i, ó fún un ní búrẹ́dì àti píọ̀ wọ́tà, ó wá kọ́ òun nìkan níṣẹ́ àárọ̀.

Àwọn Ọba Kìíní orí 19 sọ sí mi lọ́kàn. Nígbà tí ayé sú Èlíjà tó ń tọrọ ikú lábẹ́ igi, áńgẹ́lì tó wá bá a kò wàásù fún un. Oúnjẹ àti omi ló gbé wá. Èlíjà jẹ, ó tún sùn, áńgẹ́lì sì tún padà wá bọ́ ọ. Ohun tí Àǹtí ṣe fún ọmọ yẹn gan-an nìyẹn. Ta ni yóò ṣe é fún Àǹtí?

Ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà, a ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Mo gbà pé Ọlọ́run kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n a ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ohun tí a fi ń kọjá lára ẹni tí ebi ń pa.

Mo bi Àǹtí léèrè ohun tó ń mú un padà wá. "Inú ọkọ̀ ni mo ti máa ń gbàdúrà, sà. Tí mo bá ti ń gbọ́ 'Àǹtí ti dé!', ó ti tán." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Ṣọ́ọ̀kì náà ti fẹ́ tán."

Ẹ̀yin olùkọ́ irú ibẹ̀, Ọlọ́run tó rí Èlíjà lábẹ́ igi rí yín. Ẹ sinmi nígbà tó bá rẹ̀ yín. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ̀yin ìjọ, kẹ́ ẹ tó tún sọ fún olùkọ́ pé kó fara dà á, ẹ kó páálí ṣọ́ọ̀kì àti oúnjẹ ọ̀sán wọnú ọkọ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ bá a.