Títọ́jú Ehoro Ilé Tí Oyún Bàjẹ́ Lára Rẹ̀

Ehoro ti wọ ilé ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwọn ọmọ ni ó sábà máa ń ni ín. Wọn a fún un ní orúkọ, wọn a já ewé fún un kí wọ́n tó lọ sí ilé-ìwé. Bí ọmọ bá wá jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, tí ó rí ẹ̀jẹ̀ nínú àgò, tí ó sì rí ọmọ ehoro tí kò tíì pé ọjọ́ tí ó ti kú, àgbà ilé ni yóò sáré pè. Àgbà náà lè má mọ ohun tí yóò ṣe. Ohun tí a fẹ́ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé oyún tí ó bàjẹ́ nìkan kọ́ ni ewu tí ó wà níbẹ̀. Ewu méjì mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tí ó lè pa ìyá ehoro: kí ó má jẹun, àti oògùn tí a fi inú rere rà fún un ní kẹ́míìsì.

Oyún ehoro kì í gùn. Nǹkan bí ọjọ́ 31 ni. Bí ó bá bàjẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ara ìyá lè fa àwọn ọmọ inú náà mu pátápátá, tí a kò ní rí nǹkan kan. Bí ó bá ti dàgbà ni a máa ń rí ẹ̀jẹ̀ àti òkú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kí a má baà já ara wa láyà lásán: ìtọ̀ ehoro lè pọ́n bí omi ìsápá nígbà mìíràn láìsí àìsàn kankan. Ṣùgbọ́n ehoro kì í ṣe nǹkan oṣù, nítorí náà bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ gidi ni ó ń jáde, nǹkan wà níbẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, kí a mú ariwo kúrò. Kí àwọn ọmọ má ṣe yí àgò ká, kí ajá àti ológbò jìnnà síbẹ̀. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ tàbí kí a fi ọ̀rá bọ ọwọ́, kí a kó òkú àwọn ọmọ náà àti ibi kúrò, kí a sì ka iye wọn. Bí a bá lè rí dókítà ẹranko ní ọjọ́ náà, kí a dì wọ́n sínú ọ̀rá kí ó lè yẹ̀ wọ́n wò; bí kò bá ṣeé ṣe, kí a sin wọ́n jìn. Kí aláboyún má ṣe dá sí iṣẹ́ yìí rárá, nítorí àìsàn kan tí wọ́n ń pè ní listeriosis lè ba oyún ehoro jẹ́, ó sì lè ba oyún ènìyàn jẹ́ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá ṣe é, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dáadáa. Lẹ́yìn èyí, kí a pààrọ̀ koríko tí ó ti tutù sí gbígbẹ, kí a sì gbé omi mímọ́ sí tòsí rẹ̀.

Oúnjẹ ni a fẹ́ dúró lé jù. Inú ehoro kò dà bí ti ewúrẹ́ tàbí ti ajá. Kò lè bì, ìfun rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru. Bí ìrora tàbí ìbẹ̀rù kò bá jẹ́ kí ó jẹun, ìfun náà yóò dẹ́kun iṣẹ́, afẹ́fẹ́ yóò kún inú rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, pàápàá bí ó bá jẹ́ ehoro tí ó sanra. Ehoro tí kò jẹun fún wákàtí 12, tàbí tí kò ya ìgbẹ́ láàárín àkókò náà, ti wà nínú ewu. Kí a má ṣe sọ pé “ó ń ṣọ̀fọ̀, yóò jẹun lọ́la.” Ìgbẹ́ ni kí a máa wò. Bí ó bá ń ya hóró yíyí tí ó tóbi bí ti tẹ́lẹ̀, ara ń bọ̀ sípò nìyẹn. Bí ó bá kéré, tí ó sì ṣọ̀wọ́n, kí a tètè wá nǹkan ṣe.

Koríko ni kí ó pọ̀ jù nínú ohun tí a ó gbé fún un. Ewé ọ̀dùnkún, yúnyún àti èèsún tí kò tíì gbó dára, bí a bá ti fọ̀ wọ́n tí omi sì ti gbẹ lára wọn. Kí a má ṣe fún un ní ewé píà, májèlé ni fún ehoro, kí a má sì fún un ní ewé ẹ̀gẹ́ tútù. Kí a má ṣe rọ́ oúnjẹ oníhóró tí wọ́n ń tà lọ́jà kún iwájú rẹ̀ torí pé a ń káàánú rẹ̀. Bí ó bá kọ gbogbo rẹ̀, kí a rẹ díẹ̀ nínú oúnjẹ oníhóró náà sínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí a pò ó kí ó rọ̀, kí a fi síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́ fún un láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, díẹ̀díẹ̀, kí ó máa gbé e mì. Mílílítà 10 sí 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan tí ó wọ̀n, ní bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, tó láti fi gbé e dúró títí a ó fi rí dókítà. Ṣùgbọ́n bí ikùn rẹ̀ bá le bí awọ ìlù, kí a má ṣe fi ipá bọ́ ọ. Dókítà ni kí a gbé e lọ bá.

Ewu kejì ni oògùn. Nínú ilé wa, bí ara kò bá yá, Ampiclox ni a kọ́kọ́ ń rántí. Bí a bá fún ehoro ní Ampiclox jẹ, tàbí amoxicillin, ampicillin, lincomycin tàbí clindamycin, a lè fi ọwọ́ ara wa pa á. Àwọn kòkòrò kékeré tí ó ṣàǹfààní wà nínú ìfun rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń bá a da koríko. Oògùn wọ̀nyí ń pa wọ́n, àwọn kòkòrò búburú yóò sì gba ipò wọn, wọn yóò tú májèlé sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ gbuuru ni a ó kọ́kọ́ rí, ikú sì lè tẹ̀lé e láàárín ọjọ́ díẹ̀. Oògùn ìrora tí ènìyàn ń lò náà, kí a má ṣe fún un láìjẹ́ pé dókítà ẹranko ni ó sọ iye rẹ̀. Oògùn apakòkòrò tí kò ṣe ehoro ní nǹkan wà, òun ni ó mọ̀ ọ́n. Ẹran tí ó wà ní ọwọ́ wa, àmánà ni. Ẹni tí ó bá ń ta oògùn fún ènìyàn kò sì kọ́ nípa ti ehoro.

Nǹkan mìíràn wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Ilé ọmọ ehoro pín sí méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu tirẹ̀. Nítorí náà ọmọ lè ti jáde láti apá kan, kí òmíràn ṣì wà nínú apá kejì. Bí a bá rí i tí ó ń rin ara rẹ̀ síbẹ̀, tí ẹ̀jẹ̀ kò dá, tí ohun tí ó ní òórùn burúkú ń jáde, tí etí rẹ̀ tutù, tàbí tí ó ń lọ eyín mọ́ra nítorí ìrora, kí a má ṣe tẹ̀ ẹ́ ní ikùn, kí a má sì dúró di ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó wà ní ti Ìlọrin, ó sì wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Bí a bá ń gbé e lọ, kí a má ṣe fa etí rẹ̀. Àṣà yẹn kò dára rárá. Ọwọ́ kan lábẹ́ àyà, ọwọ́ kejì lábẹ́ ìdí, nítorí bí ó bá ta ẹsẹ̀ lójijì, eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lè ṣẹ́.

Bí oyún náà bá ti súnmọ́ ọjọ́ ìbí, wàrà lè dé. Kí a má ṣe fún un, yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a máa fi ọwọ́ kan ọmú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Bí ó bá le, tí ó gbóná, tí ó pọ́n tàbí tí ó ṣe bí búlúù, ó ń fẹ́ ìtọ́jú.

Akọ ńkọ́? Ní ọjọ́ náà gan-an ni kí a yà á kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Gígùn ni ó ń mú kí ẹyin abo ehoro jábọ́, nítorí náà ó lè lóyún padà ní ọjọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó kéré tán, kí a fún un ní oṣù kan, kí ẹran ara rẹ̀ padà sípò. Láàárín àkókò yìí, kí a wádìí ohun tí ó fà á. Ó lè jẹ́ ooru oṣù kẹta, ó lè jẹ́ bángà tí àwọn ọmọ ń yìn nígbà ọdún, ó lè jẹ́ ìtàkùn ẹ̀pà tí ó ti hu. Bí ó bá ṣe lẹ́ẹ̀mejì, a kò rò pé ó yẹ kí a tún gbé e fún akọ mọ́. Bí ó bá sì ti lé ní ọdún mẹ́ta, kí a jẹ́ kí dókítà yẹ ilé ọmọ rẹ̀ wò, nítorí jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ lára àwọn abo ehoro tí ó ti dàgbà, ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ sì rọrùn láti pè ní oyún tí ó bàjẹ́.