Nígbà Tí Ọmọ Aláàbọ̀ Ara Bá Parí Ilé-ẹ̀kọ́

Ọjọ́ tí ọmọ bá parí ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́ ọjọ́ ayọ̀ fún òbí. Ṣùgbọ́n òbí ọmọ tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn, tàbí tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, a máa bi ara rẹ̀ léèrè pé: «Iṣẹ́ wo ni ọmọ yìí yóò ṣe? Bí a bá kú, ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀?»

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, òfin dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1975, ìjọba fún gbogbo ọmọ aláàbọ̀ ara ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń parí ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń jókòó sílé láìníṣẹ́. Ní ọdún 1990, wọ́n fi kún òfin náà pé ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ múra ọmọ sílẹ̀ de ìgbà àgbà. Lónìí, bí ọmọ bá fi máa pé ọdún 16, ètò ọjọ́ iwájú rẹ̀ ti gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí ìpàdé, kí ó lè sọ ohun tí ó fẹ́.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọmọ kan yóò kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Òmíràn yóò kọ́ bí a ti ń ka owó, bí a ti ń se oúnjẹ, àti bí a ti ń dá wọ ọkọ̀. Òmíràn yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ yìí? Nítorí èyí ni àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan, bí èyí tó wà ní Kansas àti Oklahoma, ṣe ń kọ́ àwọn ènìyàn dé oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Wọ́n ń ṣe ìwádìí láti mọ irú ẹ̀kọ́ tó ń ran ọmọ lọ́wọ́ láti rí iṣẹ́. Wọ́n sì ń kọ́ bí a ti ń tọ́ àwọn olùkọ́ tuntun sọ́nà.

Ìjọba a máa ran ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́wọ́ láti san owó ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n àdéhùn wà níbẹ̀. Fún ọdún kan tí wọ́n bá fi gba ìrànlọ́wọ́, wọn yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 nínú ẹ̀kọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Ẹni tó gbà á fún ọdún 4 yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 8. Ẹni tí kò bá ṣe é yóò dá owó padà.

Nítòsí wa, Yunifásítì Ìbàdàn ní Nàìjíríà náà ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ yìí dé oyè ọ̀mọ̀wé. Ní ilẹ̀ Benin, òfin ọdún 2017 dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Òfin dára, ṣùgbọ́n ìwé òfin kò lè kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ènìyàn ni yóò kọ́ ọ, ẹni tí àwọn mìíràn ti kọ́ dáadáa.