Ìdí Tí Oko Wẹ́wẹ́ Fi Ń Gba Owó Rẹpẹtẹ n'Íkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Àgbẹ̀ méjì lè gbin ẹ̀gẹ́ kan náà ní Agbówà, kí ìnáwó ẹnìkan ga ju ti èkejì lọ lórí éékà kọ̀ọ̀kan. Ìwọ̀n ilẹ̀ wà lára ohun tó ń fà á.

Ẹ wo katakata. Yàtọ̀ sí owó ilẹ̀ títú, owó àtigbé e dé oko náà wà níbẹ̀. Ká ní ₦60,000 ni owó ọ̀nà yẹn. Bó bá jẹ́ éékà kan péré lẹ ní, ẹ̀yin nìkan lẹ máa dá a san. Éékà mẹ́fà ńkọ́? ₦10,000 ló bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ilẹ̀ tóóró, katakata á kàn máa yí ṣáá ni, á máa jó epo lásán.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ló yani lẹ́nu jù. Púlọ́ọ̀tì tó jẹ́ 60 sí 120 ẹsẹ̀ bàtà, 360 ẹsẹ̀ bàtà ni téèyàn bá yí i ká. Mẹ́fà irú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pé éékà kan. Bí wọ́n bá wà káàkiri, wáyà 2,160 ẹsẹ̀ bàtà lẹ máa rà nítorí màlúù. Bí wọ́n bá so pọ̀ ní 180 sí 240, 840 péré ni. Ilẹ̀ ò yàtọ̀ o, wáyà ló yàtọ̀.

Ṣùgbọ́n láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ilé àti ẹ̀sìtéètì ń lé oko sẹ́yìn, ilẹ̀ ìdílé náà sì ń pín sí wẹ́wẹ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí n'Ímọ̀ta lọ́dún 2023 lágbára láti lọ 32 tọ́ọ̀nù ní wákàtí kan. Oko púlọ́ọ̀tì kan-kan kò lè bọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yó.

Kì í ṣe gbogbo ìnáwó ló ń wálẹ̀ o. Bí ẹ bá gbin ẹ̀gẹ́ ní mítà kan síra, 10,000 igi ni hẹ́kítà kan máa gbà. Hẹ́kítà mẹ́wàá á gbà á lọ́nà mẹ́wàá. Oko ríro tiẹ̀ tún lè wọ́n sí i: ìdílé lè ro púlọ́ọ̀tì méjì fúnra wọn, àmọ́ alágbàṣe ló máa ro hẹ́kítà mẹ́wàá, ẹnìkan sì gbọ́dọ̀ dúró tì wọ́n.

Àwọn tí oko wọn bára tan lè pe katakata lọ́jọ́ kan náà, kí wọ́n ṣe ọgbà kan ṣoṣo yí gbogbo rẹ̀ ká, kí pèrègún ṣì máa pààlà wọn nínú. Kí wọ́n ti fẹnu kò tẹ́lẹ̀ lórí ẹni tí wọ́n máa kọ́kọ́ tú ilẹ̀ tirẹ̀, torí bí òjò bá mú ilẹ̀ rọ̀ jù, katakata á rì sínú ẹrẹ̀ kó tó kan ẹni ìkẹyìn.