Wáyà mẹ́rin, ọ̀gbun kan: ohun tó ń já íntánẹ́ẹ̀tì Niamey

Kì í ṣe òjò, kì í sì í ṣe pé owó dátà tán. Nígbà tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ti sátẹ́láìtì wá, dákẹ́ káàkiri ayé lọ́jọ́ 24 oṣù Keje 2025, ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́ Niamey, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ kọjá kó tó gbé orí sókè. Ìgbà tó yá ni Michael Nicolls, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà, ṣàlàyé pé sọ́fítíwíà tó ń darí àárín gbùngbùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àwọn ló daṣẹ́ sílẹ̀. Sátẹ́láìtì tó lé ní 7,000 wà lófuurufú nígbà náà. Títí wọ́n fi tún sọ́fítíwíà ṣe, ohun ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n.

Oṣù Kẹta ọdún 2025 ni Starlink wọ Niger, tayọ̀tayọ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn sì fi gbà á, nítorí wọn ò tíì gbàgbé ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024. Lọ́jọ́ yẹn, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin já nítòsí Àbíjàn: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ìṣirò NetBlocks, àjọ tó ń ṣọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, fi hàn pé íntánẹ́ẹ̀tì Benin wálẹ̀ sí ìdá 14 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó máa ń jẹ́. Ti Côte d'Ivoire ku bíi 4.

Kí ló wá kan Niamey, tí kò létí òkun? Ẹ jẹ́ ká ní Yorùbá oníṣòwò kan jókòó sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Poudrière, ó fẹ́ fi WhatsApp ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ n'Íbàdàn. Ọ̀rọ̀ náà lè kúrò lórí òpó tẹlifóònù àdúgbò, kó wọ wáyà fíbà, kó dorí kọ gúúsù dé Gaya, kó sọdá odò sí Malanville, kó tó wá rin gbogbo gígùn ilẹ̀ Benin dé Kútọnu, níbi tí ACE àti SAT-3 ti gúnlẹ̀. Ibodè Niger àti Benin tí wọ́n tì pa nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger ní 2023 ò dí i lọ́wọ́. Iná inú fíbà kì í mú ìwé ìrìnnà dání. Kútọnu ló ti máa bọ́ sómi, ó sì lè dé Yúróòpù kó tó padà wá sí Ìbàdàn tó wà nítòsí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ rèé. Tí ilé iṣẹ́ bá sọ pé òun ní wáyà méjì tàbí mẹ́ta, ọkàn wa a balẹ̀: bí ọ̀kan bá já, èkejì wà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹnu ẹ̀rọ omi mẹ́rin nínú ilé, tí tánkì kan ṣoṣo ń pọnmi fún gbogbo wọn, tánkì kan ló ní. Ọ̀gbun abẹ́ omi ńlá kan wà níwájú Àbíjàn tí àwọn Faransé ń pè ní Trou sans Fond. Ó ṣòro kí wáyà tó bá gba ìtòsí etí òkun yẹn kọjá má sọdá rẹ̀, ẹni yòówù kó ni ín.

Ọ̀gbun bẹ́ẹ̀ ló sì máa ń ya ẹrẹ̀. Ní ẹnu odò Congo, ní oṣù Kìíní 2020, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ṣàn nísàlẹ̀ òkun ju kìlómítà 1,100 lọ. Dípò kó máa rẹ̀ ẹ́, ṣe ló ń sáré sí i, láti bíi mítà 5 dé mítà 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. SAT-3 àti WACS já. Ní oṣù Kẹjọ 2023, àwọn méjèèjì tún já níbẹ̀.

Ṣé ẹrẹ̀ náà ló jà ní Àbíjàn? Kò sẹ́ni tó fojú rí i. Ilé iṣẹ́ MainOne ní ibi tí wáyà òun ti já jìn sísàlẹ̀ òkun tó bíi kìlómítà mẹ́ta, nítorí náà kì í ṣe ìdákọ̀ró ọkọ̀ tàbí àwọ̀n apẹja. Ilé iṣẹ́ náà fura sí ilẹ̀ abẹ́ òkun tó mì tàbí tó sún. Lójú tèmi, ẹrẹ̀ ni. Ó ṣòro kí wáyà mẹ́rin kàn ṣèèṣì já lọ́jọ́ kan náà. Equiano ti Google, tó gúnlẹ̀ sí Lomé àti Èkó láì yà sí Àbíjàn, kò gbọgbẹ́ kankan, ó sì bá àwọn yòókù gbé lára ẹrù wọn.

Starlink kò mọ ẹrẹ̀, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀gbun tirẹ̀: ilé iṣẹ́ kan, sọ́fítíwíà kan. Kódà, wàhálà lè má ti ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ wá rárá. Ní 2022, bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná mànàmáná Niger ló ń ti Nàìjíríà wá. Nígbà tí ológun gbàjọba ní 2023, Nàìjíríà já iná náà, Niamey sì wọ òkùnkùn. Wáyà iná ò ṣe nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ èmi ni mò ń náwó sórí ọ̀nà mìíràn fún íntánẹ́ẹ̀tì Niamey, fíbà tó gba aṣálẹ̀ Sàhárà lọ sí Algeria, tó já sí òkun Mẹditaréníà, ni mo máa kọ́kọ́ fún, bí àìsí ààbò lọ́nà ibẹ̀ tiẹ̀ ń kọni lóminú. Báńkì tó ní ẹ̀ka ní Niamey náà lè béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún un pé kó mú máàpù wá, kó fi ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà han òun.