Ìmọ̀ràn fún Olóko Ọsàn: Ìdí tí Ọ̀mùnú Kan fi Ń Pọ́n

Ẹ̀yin olóko ọsàn ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti agbègbè wọn, ẹ ó ti kíyèsí i pé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, ọ̀mùnú igi lẹ́mọ́ọ̀nù a máa yọ ní àwọ̀ elésè àlùkò, ṣùgbọ́n ti ọsàn mímu a máa ní àwọ̀ ewé láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn kan rò pé àrùn ni. Àwọn mìíràn ní ilẹ̀ ni ó fà á. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe ilẹ̀. Ogún ìdílé ni, ẹni tí ó bá sì mọ̀ ọ́n lè fi gba igi rẹ̀ là.

Aró tí ó wà nínú ọ̀mùnú náà bá ti inú ìsápá pupa tan. Igi fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí ọmọṣẹ́ kì í ti ti aṣọ bọ inú ìkòkò aró àyàfi bí ìyá aláró bá pàṣẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú igi. Nínú gbogbo irúgbìn ni jíìnì wà, èyíinì ni ohun kíkéré jọjọ tí ń gbé ìwà òbí fún ọmọ. Ní ọdún 2012, Eugenio Butelli, Cathie Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní ilé ìwádìí John Innes ní Norwich, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé jíìnì kan tí a ń pè ní Ruby ni ó ń pàṣẹ aró yìí nínú ìdílé ọsàn.

Lẹ́mọ́ọ̀nù jogún Ruby tí ó jí lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kan, citron. Nínú ọsàn mímu, Ruby ń sùn. Ọsàn kan wà ní ilẹ̀ Sísílì tí inú rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀: ohun àjèjì kan ti wọ ẹ̀gbẹ́ Ruby rẹ̀, ó sì ń jí i, ṣùgbọ́n òtútù ni ó ń mú un ṣiṣẹ́ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá mú irú ọsàn bẹ́ẹ̀ wá tà fún yín ní owó ńlá, ẹ rántí pé òtútù ọyẹ́ wa kì í pẹ́. Inú rẹ̀ lè má pọ́n rárá.

Wàyí o, èrè ìmọ̀ yìí nìyí. Púpọ̀ nínú ọsàn tí a ń rà láti ọgbà ìrúgbìn ni a ti lọ́ sára ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù oníèèpo ṣákiṣàki, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kà nípa igi òróró nínú ìwé Róòmù. Igi méjì ni ó di ọ̀kan, ṣùgbọ́n olúkúlùkù pa ogún tirẹ̀ mọ́. Bí ọ̀mùnú elésè àlùkò bá yọ nísàlẹ̀ ojú ibi tí a ti lọ́ ọ, ti lẹ́mọ́ọ̀nù ni. Mo rí olóko kan tí inú rẹ̀ ń dùn sí irú ọ̀mùnú bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń yára dàgbà ju ìyókù lọ. Ó jẹ oúnjẹ orí ọsàn náà tán, orí náà gbẹ, èso kíkan ni ó sì kórè lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ó ti fi dúró.

Ẹ máa yẹ ìdí igi yín wò ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń rúwé. Ohunkóhun tí ó bá yọ nísàlẹ̀ ojú ìlọ́ náà, ẹ fi ọwọ́ ya á kúrò nígbà tí ó ṣì rọ̀. Bí àwọ̀ rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ ti ewé, ẹ má ṣe dá a sí, nítorí ìdí mìíràn wà tí ọ̀mùnú wọn kì í pọ́n. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.