TA LÓ MÚ SÍPÁNÀ 10?

Ìlú Ṣábẹ̀ẹ́ wà lójú títì ńlá tó ti Kútọnu lọ sí Parakú, tó sì gba ibẹ̀ dé Malanville àti ilẹ̀ Nìjẹ̀r. Ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá tọ̀sán-tòru. Zémíjàn sì pọ̀ nínú ìlú. Nítorí náà, àwọn tó ń tún ọkọ̀ àti alùpùpù ṣe ń rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun kan ń dà wọ́n láàmú: irinṣẹ́ wọn ń sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Onízémíjàn kan gbé alùpùpù rẹ̀ wá ní òwúrọ̀. Ọ̀gá jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ní:
— Fún mi ní sípánà 10.
Ọmọ iṣẹ́ tú gbogbo àpótí.
— Ọ̀gá, mi ò rí i o.
— Ta ló lò ó kẹ́yìn?
Gbogbo wọn dákẹ́. Inú bí ọ̀gá. Ó ní ọ̀kan nínú wọn ti tà á. Ó ní èyí tó kéré jù ni yóò san owó rẹ̀. Ọmọ náà bú sẹ́kún. Onízémíjàn jókòó sábẹ́ igi, oòrùn ń ga, kò tíì rí owó oúnjẹ òòjọ́.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ajórin tó wà ní òdìkejì títì mú sípánà kan wá.
— Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Sípánà tí ẹ yá mi níjẹta rèé.

Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló yá a lọ́wọ́. Ó ti gbàgbé. Ta ni yóò wá nu omijé ọmọ náà?

KÍ LÓ DÉ TÓ JẸ́ 10?

Nọ́ńbà tó wà lára sípánà, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní clé, ń sọ bí orí nọ́ọ̀tì ṣe fẹ̀ tó. Mìlímítà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Nọ́ọ̀tì tí orí rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 10 pọ̀ lára alùpùpù àti ọkọ̀. A máa ń rí i lẹ́nu bátìrì ọkọ̀ púpọ̀. Sípánà tí gbogbo ènìyàn ń lò ló ń ti ọwọ́ bọ́ sí ọwọ́. Òun náà ló ń tètè sọnù.

Bí a kò bá rí i, àwọn mìíràn á mú 11 tàbí ẹ̀mú. Èyí kò dára. Sípánà tó fẹ̀ jù á máa yọ̀, á jẹ igun nọ́ọ̀tì náà títí orí rẹ̀ á fi di róbótó. Bó bá ti rí bẹ́ẹ̀, sípánà gan-an kò ní lè di í mú mọ́. Ẹni tó ni alùpùpù ni yóò ra òmíràn.

Ẹ ṣírò owó náà pẹ̀lú. Bí sípánà kan bá jẹ́ 1500 fráǹkì, tí ọ̀kan sì ń sọnù lóṣooṣù:
1500 × 12 = 18 000 fráǹkì lọ́dún.

YÍYÁ KÒ BURÚ

Kò sí ẹni tó ní gbogbo irinṣẹ́ tán. Aládùúgbò ló ń ran aládùúgbò lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní: ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà egbèje. Ẹni tí kò dá irinṣẹ́ padà, bó bá tún dé, wọ́n á ní kò sí.

Ògún ló ni irin. Láyé àtijọ́, bí nǹkan bá sọnù, wọ́n á ní kí ènìyàn fi irin búra. Àwọn kan ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà tí nǹkan ti sọnù tán ni ìbúra ń wáyé. Ó sàn kí a ṣọ́ ọ kó tó sọnù.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ fi ayùn irin tàbí ọ̀dà sàmì sí irinṣẹ́ yín. Kí àmì yín yàtọ̀ sí ti aládùúgbò.

2. Ẹ kan pákó mọ́ ògiri. Ẹ fi ìṣó kọ́ irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya àwòrán rẹ̀ síbi tó wà. Bí àyè kan bá ṣófo, ojú á rí i kíákíá. Àwọn tó ń tún ọkọ̀ òfuurufú ṣe náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ka irinṣẹ́ kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí sípánà kan tí wọ́n gbàgbé sínú ẹ́ńjìnnì lè já a lulẹ̀.

3. Ẹ kà wọ́n ní òwúrọ̀. Ẹ tún kà wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, kí ọmọ iṣẹ́ tó lọ sílé.

4. Ẹ kọ ohun tí ẹ bá yá ènìyàn sínú ìwé. Báyìí ni:

Ọjọ́ — Irinṣẹ́ — Ẹni tó yá a — Ó dé
4/3 — sípánà 10 — ajórin — 6/3
5/3 — òòlù — ẹni tó ń lẹ táyà — kò tíì dé

Bí ọ̀gá tiwa yìí bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni, ìlà kan péré ì bá ti gba ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ orúkọ olè. Ìwé tí a kọ́ kì í ṣe fún lẹ́tà nìkan. Ó ń ṣọ́ irinṣẹ́, ó sì ń ṣọ́ orúkọ ènìyàn.

Ẹ DÁHÙN

1. Kí ni nọ́ńbà ara sípánà ń sọ?
2. Ṣé ó tọ́ kí ọ̀gá ní kí ọmọ náà san owó? Kí ló dé?
3. Bí sípánà méjì bá ń sọnù lóṣooṣù, èló ni lọ́dún?
4. Ẹ kọ orúkọ irinṣẹ́ márùn-ún tó wà níbi iṣẹ́ yín. Níbo ni wọ́n wà báyìí?